Ìmọ́lẹ̀ Nínú Ọpọlọ Eku: Ohun Tí Ó Ti Kọ́ Ayé Nípa Wárápá, àti Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Ẹni tí ó bá máa ń wo fídíò lórí fóònù lè ti ṣe alábàápàdé eku kan tí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ orí rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù sì ń hàn níbi tí okùn náà ti wọ agbárí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá tàn, eku náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yípo lójú kan. Bí wọ́n bá pa á, eku á dúró, á sì máa bá ìrìn rẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó rí i lè pè é ní idán. Ẹlòmíràn lè bẹ̀rù pé ọjọ́ ń bọ̀ tí a ó máa fi irú okùn bẹ́ẹ̀ darí ènìyàn. Ẹni tí ó sì ní aláìsàn nílé lè máa retí pé ìwòsàn ti dé.

Iṣẹ́ ìwádìí ni, kì í ṣe idán, kò sì tíì di ìwòsàn fún ọpọlọ ènìyàn. A kọ àlàyé yìí kí gbogbo wa lè mọ ohun tí ẹ̀rọ náà jẹ́, bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tí ó ti fi hàn nípa àìsàn wárápá, àti ìdí tí kò fi tíì dé ọ̀dọ̀ wa. A yan wárápá nítorí pé àìsàn náà wà láàárín wa, àti nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú ìyà tí ó ń jẹ àwọn tí ó ní in, ọ̀dọ̀ àìmọ̀ àwa tí a yí wọn ká ni ó ti ń wá.

Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀

Ọpọlọ àgbàlagbà wọn nǹkan bíi kílógíráàmù 1.4. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé ìsọfúnni káàkiri inú rẹ̀ tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 86. Ọpọlọ eku kékeré kò tó ìdajì gíráàmù, síbẹ̀ nǹkan bíi mílíọ̀nù 70 irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Iná mànàmáná kékeré ni sẹ́ẹ̀lì kan fi ń ránṣẹ́ sí èkejì. Iná náà máa ń ṣẹ́ wẹ́rẹ́ lára sẹ́ẹ̀lì, kò sì ju nǹkan bí ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Nígbà tí ó bá dé ìpẹ̀kun ẹ̀ka sẹ́ẹ̀lì náà, á tú èròjà kan jáde tí yóò kan sẹ́ẹ̀lì tí ó wà níwájú.

Iṣẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ni láti ru àwọn yòókù sókè. Iṣẹ́ àwọn mìíràn ni láti pẹ̀tù sí wọn, kí wọn má baà ṣe àṣejù. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ara á balẹ̀, èrò á já geere. Nígbà tí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì náà bá bàjẹ́, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ iná lẹ́ẹ̀kan náà, léraléra, láìgbọ́ràn sí àwọn tí ó yẹ kí ó pẹ̀tù sí wọn. Èyí gan-an ni wárápá. Bí ó bá mọ sí apá kan nínú ọpọlọ, ẹni náà lè ṣàdédé dákẹ́, kí ó máa wo ọ̀kánkán, tàbí kí ọwọ́ rẹ̀ kan máa gbọ̀n. Bí ó bá tàn ká gbogbo ọpọlọ, á ṣubú, ara rẹ̀ á le gbagidi, á sì máa gbọ̀n.

Ẹni tí ó ń gbọ́ ariwo ọjà kò tíì mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé iná mànàmáná ni ara fi ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1791, Luigi Galvani, ará Ítálì, tẹ ìwé jáde lórí bí iná mànàmáná ṣe ń mú iṣan itan àkèré fò. Ní ọdún 1929, dókítà ará Jámánì tí ń jẹ́ Hans Berger tẹ àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde pé a lè gba àkọsílẹ̀ iná ọpọlọ ènìyàn láti òde orí. Inú iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ EEG ti wá, èyí tí àwọn ilé ìwòsàn ńlá ṣì ń fi yẹ ẹni tí ó ní wárápá wò títí di òní.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbọ́ ọpọlọ láti òde orí dà bí ẹni tí ó dúró lẹ́yìn ògiri ọjà. Ó ń gbọ́ ariwo. Ó lè mọ̀ bí ọjà bá kún tàbí bí ó bá ti tú, ó sì lè mọ̀ bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀. Kò lè mọ ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ìjà náà. Bí ó bá fẹ́ mọ̀, àfi kí ó wọ inú ọjà lọ, kí ó sì dúró ti ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí àwọn olùṣèwádìí fi ń fi wáyà tín-ín-rín sínú ọpọlọ ẹranko, kí orí wáyà náà lè súnmọ́ sẹ́ẹ̀lì, kí ó sì gbọ́ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Gbígbọ́ nìkan kò sì tó. Ká ní a ṣàkíyèsí pé àwọn aláta máa ń pariwo nígbàkígbà tí ìjà bá wáyé. Ṣé àwọn ni ó dá ìjà sílẹ̀ ni, àbí ìjà ni ó dé bá wọn? Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó dájú láti mọ̀ ni kí a lè pa àwọn aláta nìkan lẹ́nu mọ́, kí a sì wò ó bóyá ìjà yóò ṣì wáyé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ohun èlò tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọpọlọ. Bí a bá fi iná mànàmáná kan ọpọlọ, ńṣe ni ó dà bí ìgbà tí a gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí àárín ọjà: aláta, aláṣọ àti ẹlẹ́ran ni yóò yíjú síbẹ̀ pọ̀. Ní ọdún 1979, Francis Crick, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣàwárí bí DNA ṣe rí, kọ ọ́ pé ohun tí ìmọ̀ ọpọlọ nílò ni ọ̀nà tí a ó fi darí irú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo láìfọwọ́ kan àwọn yòókù. Ní ọdún 1999, ó fi kún un pé ìmọ́lẹ̀ ni ìbá dára jù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀kùn tí ó ti inú omi wá

Ọ̀nà náà kò ti ilé ìwòsàn wá, inú omi ni wọ́n ti rí i. Ewéko kíún kan wà nínú omi tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Chlamydomonas reinhardtii. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo ara rẹ̀. Ojú lásán kò lè rí ọ̀kan, ṣùgbọ́n bí irú rẹ̀ bá pọ̀ níbì kan, wọn a máa sọ omi di àwọ̀ ewé. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ó fi ń ṣe oúnjẹ rẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà kí ó tó lè lúwẹ̀ẹ́ lọ síbẹ̀. Ohun tí ó fi ń mọ̀ ni èròjà purotéènì kan tí ó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bí ilẹ̀kùn kékeré. Bí ìmọ́lẹ̀ búlúù bá kàn án, ilẹ̀kùn náà á ṣí, iná mànàmáná á sì wọlé.

Ní ọdún 2002 àti 2003, Georg Nagel, Peter Hegemann, Ernst Bamberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Jámánì ṣàlàyé bí irú ilẹ̀kùn méjì bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2002 kan náà, Gero Miesenböck àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo èròjà láti ara ojú eṣinṣin láti mú kí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ dáhùn sí ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 2005, Edward Boyden, Feng Zhang àti Karl Deisseroth ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Nagel àti Bamberg, fi hàn pé ilẹ̀kùn ewéko inú omi náà ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ: bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń tàn ni sẹ́ẹ̀lì ń ṣẹ́ iná, láàárín ìdá díẹ̀ nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Ní ọdún 2007, wọ́n fi èkejì kún un. Èyí wá láti ara ohun alààyè tíntìntín kan tí ń gbé inú omi tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jọjọ. Bí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè bá kàn án, sẹ́ẹ̀lì á dákẹ́. Báyìí ni ó ṣe di pé a lè jí sẹ́ẹ̀lì, a sì lè mú un sùn.

Báwo ni ilẹ̀kùn yìí ṣe ń dé inú ọpọlọ eku? Apilẹ̀ àbùdá ni wọ́n ń rán lọ, èyíinì ni ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì yóò tẹ̀lé láti ṣe ilẹ̀kùn náà fúnra rẹ̀. Wọn a fi ìlànà yìí sínú fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti gba agbára àtibísíi lọ́wọ́ rẹ̀, wọn a sì fi abẹ́rẹ́ fa á sí ibi tí wọ́n fẹ́ nínú ọpọlọ. Wọ́n lè kọ ìlànà náà lọ́nà tí ó fi jẹ́ pé irú sẹ́ẹ̀lì kan péré ni yóò lè lò ó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn nìkan ni yóò ní ilẹ̀kùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá tàn, aláta nìkan ni yóò dáhùn. Aláṣọ àti ẹlẹ́ran kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ẹnì kan pe ẹnì kan.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe rí

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sínú ọpọlọ ẹranko ní apá méjì: apá tí ń tànmọ́lẹ̀ àti apá tí ń gbọ́. Èyí tí ń tànmọ́lẹ̀ sábà máa ń jẹ́ okùn gíláàsì, ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú okùn fáíbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ń rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì nínú ìlú wa. Èyí tí wọ́n ń lò fún eku sábà máa ń nípọn tó ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà. Orí rẹ̀ kan wà nínú ọpọlọ. Orí kejì so mọ́ ẹ̀rọ lésà tàbí gílóòbù LED tí ó wà lóde.

Apá tí ń gbọ́ jẹ́ wáyà tí a bò lára, tí orí rẹ̀ nìkan ṣí sílẹ̀. Iná tí ó ń gbọ́ kì í sábà ju ìdá díẹ̀ nínú 10,000 fólítì lọ, nítorí náà wọ́n ní láti mú un tóbi sí i kí kọ̀ǹpútà tó lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 2017, àwọn olùṣèwádìí láti orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan fi ẹ̀rọ Neuropixels han ayé. Abẹ́rẹ́ sílíkọ́ọ̀nù ni, ó gùn tó mìlímítà 10, kò sì fẹ̀ ju ìdá 7 nínú 100 mìlímítà lọ. Ojú 960 ni wọ́n ṣe sí i lára, tí 384 nínú wọn sì lè máa gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí wáyà kan ń ṣe fún sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ láyé àtijọ́, abẹ́rẹ́ kan yìí lè ṣe é fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún sẹ́ẹ̀lì.

Okùn tí ó so mọ́ orí ẹranko ní ìṣòro tirẹ̀. Eku tí a so okùn mọ́ lórí kò lè wọ ihò, kò lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré bí ó ti yẹ, ohun tí a sì rí lára rẹ̀ lè má jẹ́ ìwà eku gan-an. Nítorí náà ni wọ́n ṣe wá ọ̀nà tí kò ní okùn. Ní ọdún 2015, àwọn olùṣèwádìí ní Stanford fi ẹ̀rọ kan hàn tí gbogbo rẹ̀ wà lábẹ́ awọ eku. Ìwúwo rẹ̀ wà láàárín mìlígíráàmù 20 sí 50, kò ní bátìrì, afẹ́fẹ́ ni agbára tí ń tan gílóòbù rẹ̀ ti ń wá bí ìgbì rédíò.

Nígbà tí wárápá bẹ̀rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ sì tàn

Ọdún 2013 ni iṣẹ́ tí ó kan kókó ọ̀rọ̀ wa jáde. Esther Krook-Magnuson, Ivan Soltesz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ẹ̀ka Yunifásítì California tí ó wà ní ìlú Irvine ṣiṣẹ́ lórí àwọn eku tí ó ní irú wárápá kan tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti apá ọpọlọ tí ó wà ní ọ̀gangan etí. Lára ènìyàn, irú wárápá yìí wà nínú àwọn tí ó máa ń ṣòro fún oògùn láti kápá.

Wáyà inú ọpọlọ eku náà ń gbọ́ tọ̀sán-tòru. Kọ̀ǹpútà ń yẹ ohun tí wáyà gbọ́ wò láìdánudúró. Bí kọ̀ǹpútà bá ti rí àmì pé wárápá ti ń bẹ̀rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á tan ìmọ́lẹ̀, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Nínú àwọn eku kan, ìmọ́lẹ̀ náà ń mú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń rúni sókè dákẹ́. Nínú àwọn mìíràn, ó ń jí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń pẹ̀tù, tí wọn kò tó ìdá 5 nínú 100 àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó wà ní apá ọpọlọ náà. Ọ̀nà méjèèjì ni ó dá wárápá dúró kíákíá.

Ní ọdún 2013 kan náà, Jeanne Paz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stanford ṣiṣẹ́ lórí àwọn eku ńlá tí wárápá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ní ìpalára ọpọlọ irú èyí tí ń fa rọpárọsẹ̀. Wọn kò tan ìmọ́lẹ̀ sí ibi tí ó farapa. Ibùdó kan ní àárín gbùngbùn ọpọlọ, tí ó jìnnà sí ojú ìpalára ṣùgbọ́n tí ó ní ìsopọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ni wọ́n mú dákẹ́. Wárápá náà dáwọ́ dúró.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí àwọn iṣẹ́ méjì yìí túmọ̀ sí. Àwọn ọlọ́jà díẹ̀ tí ń pẹ̀tù sí ìjà ni wọ́n jí, ìjà sì tú ká. Èyí fi hàn pé wárápá ní ojúlé nínú ọpọlọ. Ó ní àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń dá a sílẹ̀, ó ní àwọn tí ó lè pa á, ó sì ní ojú ọ̀nà tí ń gbà tàn ká. A kò ní láti wá ẹni tí ó ṣépè tàbí ìdílé tí ó jẹ gbèsè òrìṣà kí ìtumọ̀ rẹ̀ tó pé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ra kí wọn má baà tan ara wọn jẹ

Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé: wárápá a máa dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ nígbà púpọ̀, báwo ni a ṣe mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ni ó dá a dúró? Àwọn olùṣèwádìí ní Irvine ti ro èyí. Wọ́n ṣètò kọ̀ǹpútà wọn kí ó máa tan ìmọ́lẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì ìgbà tí wárápá bá bẹ̀rẹ̀, kí ó má sì tàn án ní ìdajì yòókù, bí ẹni ń ṣẹ́ gègé. Wọ́n wá fi ìdajì kan wé èkejì lára eku kan náà.

Ìbéèrè kejì ni ti ooru. Ìmọ́lẹ̀ tí ó lágbára a máa mú ọpọlọ gbóná, ooru nìkan sì lè yí ìṣe sẹ́ẹ̀lì padà. Nítorí náà wọn a máa tan irú ìmọ́lẹ̀ kan náà sínú ọpọlọ eku tí kò ní ilẹ̀kùn. Bí nǹkan kan kò bá yí padà lára irú eku bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ilẹ̀kùn ni ó ṣiṣẹ́, kì í ṣe ooru.

Ìbéèrè kẹta ni ti wáyà fúnra rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan irin, ó lè mú iná mànàmáná kékeré jáde, kọ̀ǹpútà sì lè ṣì í mú fún ohùn sẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè rò pé sẹ́ẹ̀lì ń dáhùn, nígbà tí ó jẹ́ pé wáyà ni ó ń dá ara rẹ̀ lóhùn. Yàtọ̀ sí èyí, ara a máa hu àpá yí ohunkóhun tí ó bá ṣàjèjì sí i ká, ohùn tí wáyà ń gbọ́ sì lè máa dínkù bí oṣù ti ń gorí oṣù. Nípa irú àyẹ̀wò báyìí ni a fi ń mọ ìwádìí yàtọ̀ sí ìpolówó ọjà.

Ẹ̀tọ́ ẹranko tí a ń lò

Àwọn àgbà wa ti ní kí ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. A kò lè sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ yìí kí a fo ti ẹranko tí ń jìyà rẹ̀ dá. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ kì í mọ ìrora, ṣùgbọ́n awọ orí àti awọ tí ó bo ọpọlọ ń mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ fi oògùn kun ẹranko lóorun kí a tó la agbárí rẹ̀, kí a fún un ní oògùn ìrora lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí a sì fi í sílẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Ẹ̀rọ náà kò gbọ́dọ̀ wúwo jù, nítorí pé gbogbo ara eku kékeré kò ju nǹkan bíi gíráàmù 20 sí 30 lọ.

Ní ọdún 1959, William Russell àti Rex Burch tẹ ìwé kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, inú rẹ̀ ni ìlànà mẹ́ta tí àwọn ìgbìmọ̀ alábòójútó ń tẹ̀lé ti wá: bí ọ̀nà mìíràn bá wà, kí a má lo ẹranko, bí a bá gbọ́dọ̀ lò wọ́n, kí a lo ìwọ̀nba, kí a sì dín ìrora wọn kù dé ibi tí ó bá ṣeé ṣe dé. Ní orílẹ̀-èdè wa pàápàá, Abala 495 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti hùwà ìkà sí ẹranko.

Ìdí tí kò fi tíì dé orí ènìyàn

Ìdí àkọ́kọ́ ni ìtóbi. Ìmọ́lẹ̀ búlúù kì í lọ jìnnà nínú ọpọlọ. Kí ó tó rin mìlímítà kan, púpọ̀ nínú agbára rẹ̀ ti tán. Èyí lè tó fún ọpọlọ tí kò tó ìdajì gíráàmù. Kò tó rárá fún ọpọlọ ènìyàn. Ìdí kejì ni apilẹ̀ àbùdá. Oògùn tí kò bá ènìyàn lára mu, a lè dá a dúró. Ìlànà tí a ti kọ sínú sẹ́ẹ̀lì kò ṣeé pè padà bẹ́ẹ̀. Ìdí kẹta ni pé ara ènìyàn lè kọ ilẹ̀kùn àjèjì náà, kí ó sì gbógun ti sẹ́ẹ̀lì tí ó ní in.

Ojú ni ibi tí ọ̀nà yìí ti súnmọ́ ènìyàn jù, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ń wọ ojú láìla agbárí. Ní ọdún 2021, José-Alain Sahel, Botond Roska àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ròyìn ọkùnrin ẹni ọdún 58 kan tí àìsàn àjogúnbá ti sọ di afọ́jú. Wọ́n fa apilẹ̀ àbùdá irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ sínú ẹyinjú rẹ̀ kan, wọ́n sì fún un ní awò tí ó ní kámẹ́rà tí ń tan ìmọ́lẹ̀ sójú. Lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́pọ̀ oṣù, ó lè rí ohun tí ó wà lórí tábìlì, ó lè kà á, ó sì lè na ọwọ́ kàn án, bí ó bá wọ awò náà. Kò ríran bí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ó rí nǹkan.

Ní ti wárápá, ẹ̀rọ tí ń gbọ́ tí ó sì ń dáhùn ti wà fún ènìyàn, ṣùgbọ́n iná mànàmáná ni ó ń lò, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀. Àjọ tí ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí i ní ọdún 2013, fún àgbàlagbà tí wárápá rẹ̀ kò gbọ́ ti oògùn. Iṣẹ́ abẹ ńlá ni wọ́n fi ń gbé e sínú agbárí, owó rẹ̀ sì ga.

Ohun tí ó kan wa nílé

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 ènìyàn ni ó ní wárápá lágbàáyé, àti pé nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 wọn ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó tí ń wọlé fún wọn kéré tàbí tí ó mọ níwọ̀n. Àjọ náà tún sọ pé tó ìdá 70 nínú 100 wọn ni ó lè wà láìsí ìkọlù wárápá bí a bá yẹ̀ wọ́n wò dáadáa, tí wọ́n sì gba ìtọ́jú. Nínú ilẹ̀ Yorùbá níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn ṣe ìwádìí láti ojúlé dé ojúlé ní Ìgbò-Ọrà. Àbọ̀ rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1987 fi hàn pé nǹkan bí ènìyàn 5 nínú 1,000 ni ó ní wárápá. Láti orí irú iye yìí, agbára káká ni a fi máa rí ìlú ńlá kan tí kò ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú ẹni bẹ́ẹ̀, yálà wọ́n fara hàn tàbí wọ́n fi wọ́n pamọ́ sí ìyẹ̀wù.

Nítorí náà, a rọ gbogbo ẹbí tí ó ní ẹni tí wárápá ń ṣe pé kí wọ́n má ṣe dá oògùn rẹ̀ dúró nítorí pé wọ́n gbọ́ pé ẹ̀rọ tuntun ń bọ̀. Oògùn bíi phenobarbital àti carbamazepine ti wà tipẹ́, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn bí a bá ń lò wọ́n déédéé gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe ní kí a lò wọ́n. Ẹni tí ó bá dá oògùn wárápá dúró lójijì lè fa ìkọlù tí ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí ara rẹ̀.

Bí wárápá bá gbé ẹnì kan lójú yín, ẹ mú ohun líle tàbí mímú kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ fi aṣọ tàbí nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ tú ohun tí ó fún un lọ́rùn, kí ẹ sì yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ẹ má fi ṣíbí tàbí ìka sí i lẹ́nu. Ẹ má fi iná jó o lẹ́sẹ̀, ẹ má sì da àgbo sí i lọ́fun nígbà tí kò mọ ibi tí ó wà. Itọ́ rẹ̀ kì í ran ẹnikẹ́ni. Ẹ wo aago: bí ó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, tàbí bí òmíràn bá tẹ̀lé e kí ó tó sọjí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara.

A tún ń kìlọ̀ nípa àwọn oníjìbìtì. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín pé òun ní ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ tàbí ohun kan tí a ń fi sínú ọpọlọ tí ń wo wárápá sàn, kò sí irú ìtọ́jú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí a ti fọwọ́ sí fún ọpọlọ ènìyàn. Ìwádìí tòótọ́ lórí ènìyàn gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ìwádìí ìlera, ẹni tí yóò kópa gbọ́dọ̀ gbọ́ àlàyé ní èdè tí ó yé e, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ tàbí láti kúrò nígbà tí ó bá wù ú. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ náà kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Fún àwọn ọ̀dọ́ wa tí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ń wù, iṣẹ́ lórí ọpọlọ ẹranko kò mọ sí òkè òkun. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, James Olopade àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko ti ṣe ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí ọpọlọ òkété, ẹranko tí gbogbo wa mọ̀ nínú oko. Ọgbọ́n tí ó mú kí onímọ̀ kan wo ewéko inú omi ní àwòfín wà nílẹ̀ yìí pẹ̀lú.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin olórí ìjọ àti ti mọ́sálásí, ọmọ tí wárápá ń ṣe lè lọ sí ilé ìwé. Ó lè kọ́ṣẹ́, ó lè gbéyàwó tàbí lọ sílé ọkọ. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tí ó súnmọ́ yín fún àyẹ̀wò, ẹ rí i pé ó ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ó jẹun lọ́tọ̀.